Lẹ́tà Gàdàgbà tí Màmá Mi Bèèrè

Ìtìjú tí mo fẹ́ sọ yìí kò ní olè jíjà nínú, kò sì sí ẹni tó kú nínú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ojú ni, àti ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà. Síbẹ̀ títí di òní, mo lè wà nídìí iná tí mò ń dín ẹran, kí ó ṣàdédé wá sí mi lọ́kàn, n ó sì pariwo "Háà!" tí àwọn ará ilé á fi sáré wọlé pé ṣé òróró ló ta sí mi lára. Mo máa ń ní bẹ́ẹ̀ ni.

Ó kù bí ọdún mélòó kan kí a wọ ọdún 1990. Ìṣirò ni mò ń kọ́ àwọn ọmọbìnrin ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan ní Abẹ́òkúta. Lọ́sàn-án ọjọ́ Sátidé, èmi àti àwọn tíṣà àti akọ̀wé díẹ̀ máa ń pàdé ní Ìbarà, nínú yàrá kan lẹ́yìn ilé ọkùnrin kan tó ti òkè òkun dé. Ọ̀gá là ń pè é, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó kórìíra orúkọ náà. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tó ti òkè òkun dé kó mọ́tò wálé. Kọ̀ǹpútà méjì ni òun kó dé. Ìyá rẹ̀ àgbà máa ń sọ fún àlejò pé ọmọ òun ra tẹlifíṣọ̀n, ṣùgbọ́n wọ́n tàn án jẹ, kò ní àwòrán.

Kọ̀ǹpútà kì í dá ṣe nǹkan kan. Àfi bí èèyàn bá kọ àṣẹ fún un ní ẹsẹẹsẹ, èyí tí à ń pè ní ètò. Iṣẹ́ ẹgbẹ́ wa ni láti máa ṣa ètò tó dára jọ, ká dà wọ́n kọ sórí dísíkì, ká sì pín wọn lọ́fẹ̀ẹ́ fún ilé ẹ̀kọ́ tàbí ṣọ́ọ̀ṣì tàbí ẹnikẹ́ni tó bá rí kọ̀ǹpútà rà. Inú àpò àdìrẹ kan tí màmá mi rán fún wa ni àwọn dísíkì náà ń gbé, nítorí náà Àpò la sọ gbogbo rẹ̀. A ní òfin kan ṣoṣo: ètò tí ẹni tó kọ ọ́ bá tì pa, tí kò jẹ́ kí a rí àwọn àṣẹ inú rẹ̀ kà, kí a sì tún wọn ṣe bó ṣe wù wá, kò gbọdọ̀ wọ Àpò, ì báà jẹ́ ọ̀fẹ́, ì báà dùn ju oyin lọ.

Òfin náà kì í ṣe ti agídí lásán. Níbi tí Ọ̀gá ti ṣiṣẹ́ rí lókè òkun, ètò kan ló gbé gbogbo iṣẹ́ wọn dúró. Ọjọ́ tó bà jẹ́, àwọn tó kọ ọ́ ti tú ká, kò sì sẹ́ni tó lè ṣí i wò. Iṣẹ́ ọ̀pọ̀ ọdún di òkú. "Ohun tí o ò lè tú wò," ni yóò máa wí jẹ́jẹ́, "kì í ṣe tìẹ. Wọ́n yá ọ lò ni." Mo gbà á gbọ́. Mo ṣì gbà á gbọ́ di òní, ìyẹn gan-an ló sì ń mú ọ̀rọ̀ yìí dùn mí.

Bí Ọ̀gá bá ni àlùfáà, èmi ni katikíìsì, ẹ sì mọ̀ pé katikíìsì máa ń le ju àlùfáà lọ. Ọ̀gá àgbà ilé ẹ̀kọ́ kan wá bẹ̀ wá nígbà kan pé ká fi eré kan sórí dísíkì òun, kí àwọn ọmọ lè máa fi najú. Títì ni eré náà. Mo wàásù fún bàbá yìí títí ó fi bẹ̀rẹ̀ sí í tọrọ àforíjì, ó ní òun ò mọ̀ pé ẹ̀ṣẹ̀ ni. Inú mi dùn lọ́jọ́ yẹn. Mo rin ìrìn ẹni tó ṣẹ́gun délé.

Àṣé ojú mi ti ń lọ. Ìrọ̀lẹ́ ló kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀: n ó máa fẹsẹ̀ wá àtẹ̀gùn tí mo ti ń gùn láti kékeré. Nígbà tó yá, àwọn lẹ́tà ojú kọ̀ǹpútà bẹ̀rẹ̀ sí í so mọ́ra bí èèrà tó rí ṣúgà. Mo dọ́gbọ́n sí i. Mo há ibi tí gbogbo nǹkan wà sórí. Mo máa ń sọ fún àwọn ọmọ kíláàsì mi pé kí wọ́n ka ìbéèrè sókè, kí n lè mọ̀ bóyá wọ́n mọ̀wé kà. Dókítà ojú ní kò sí gíláàsì tó lè ràn mí lọ́wọ́. Ó ní kò ní tètè fọ́ tán, àti pé bí ohun tí mò ń kà bá ti tóbi tó, n ó ṣì máa ríṣẹ́ ṣe. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo sì rẹ́rìn-ín, torí ta ni yóò máa kọ lẹ́tà gàdàgbà-gadagba fún mi kiri? Iṣẹ́ yẹn nìkan ni mo fẹ́ràn láyé mi, ó sì ti ń yọ́ kúrò lọ́wọ́ mi.

Màmá bàbá mi fọ́jú kí ewú tó yọ lórí rẹ̀. Nílé wa, a kì í sọ ọ́ báyẹn. A máa ń ní Ìyá ń sinmi. Ẹ mọ ìdí rẹ̀. Ilẹ̀ Ẹ̀gbá kì í fẹ́ ọmọ láìwádìí. Bí ọkùnrin bá ti ní òun rí ìyàwó, àwọn ẹbí rẹ̀ á rán ẹni tó mọ̀rọ̀ọ́ bi lọ sí àdúgbò ìyàwó. Onítọ̀hún á máa kí kiri, á máa ra nǹkan tí kò fẹ́ rà, á sì máa bèèrè: ṣé kò sí wèrè nílé yẹn? Wárápá ńkọ́? Ẹ̀tẹ̀? Ojú fífọ́? Ojú àgbàlagbà tó ṣú kò já mọ́ nǹkan kan, ọjọ́ orí ni. Ojú ọ̀dọ́ ni wọ́n ń bẹ̀rù, torí wọ́n ní ìyẹn wà nínú ẹ̀jẹ̀. Lọ́dún tí mò ń sọ yìí, ọ̀dọ́mọkùnrin kan láti Owódé ń fẹ́ àbúrò mi obìnrin, àwọn ẹbí rẹ̀ sì ti bẹ̀rẹ̀ ìwádìí.

"Mi ò ní kí o purọ́," màmá mi sọ fún mi nídìí ìkòkò aró rẹ̀. "Ṣáà máa rìn bí ẹni tó ríran títí a ó fi ṣe ìdána."

Èmi tí mo jẹ́ ẹ̀gbọ́n náà kò tíì lọ́kọ, ṣùgbọ́n mi ò bèèrè bí tèmi yóò ṣe jẹ́.

Tíṣà kan nínú ẹgbẹ́ wa, ará Wásinmi, tó máa ń gun alùpùpù wá sípàdé, ló mú ètò kan dé tí ìbátan rẹ̀ fi ránṣẹ́ sí i láti òkè òkun. Ó ti dísíkì bọ ẹ̀rọ, ó tẹ bọ́tìnnì, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan lójú kọ̀ǹpútà sì wú tó páálí ìṣáná. Ẹ̀yìn pátápátá ni mo jókòó sí, lẹ́bàá ògiri, mo sì kà á. Ó ti pẹ́ tí mo ti ka nǹkan láti ibi tí mo jókòó sí. Omi bọ́ lójú mi, mo díbọ́n pé eruku ni.

"Ẹni tó kọ ọ́ ní kí ẹnikẹ́ni máa dà á kọ," ni ará Wásinmi wí. "Inú ẹ̀ nìkan ni kò fẹ́ ká rí."

"Ó tì í pa nìyẹn," ni Ọ̀gá wí.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ fi síbẹ̀, kí ẹ kọ ọ́ sí i lára pé kò ṣeé tú. Ẹni tó bá fẹ́ á mú un, ẹni tí ò fẹ́ á fi í sílẹ̀. Ṣé àwa la ni ojú onítọ̀hún ni?"

"Bí a bá fi ọ̀kan síbẹ̀ lónìí, lọ́la a ó fi mẹ́wàá. Àwọn èèyàn ò ní mọ èyí tó jẹ́ tiwọn mọ́."

Wọ́n fà á lọ, wọ́n fà á bọ̀. Àwọn méjèèjì ló jàre, ìyẹn ni kò sì jẹ́ kí ó tán. Níkẹyìn Ọ̀gá ní èèyàn ju òfin lọ: bí ẹyọ ẹnì kan bá wà láàárín wa tí kò lè ṣiṣẹ́ láìsí i, kí ó sọ, òun á fi ọwọ́ ara òun dà á kọ fún un. Ó wò wá yí ká. "Ta ló nílò ẹ̀?"

Ọwọ́ mi wà lórí itan mi, kò gbéra. Ẹnì kan ṣe àwàdà pé kí wọ́n fún ìyá àgbà Ọ̀gá, bóyá yóò rí àwòrán báyìí. Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín. Ará Wásinmi ti dísíkì rẹ̀ bọ àpò ṣòkòtò. Mi ò lè lọ bá a ní kọ̀rọ̀, nítorí ẹnu rẹ̀ kò ní ìlẹ̀kùn. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú, wọn ó ti gbọ́ ọ ní Owódé.

Òfin wa kò burú. Ó fi àyè sílẹ̀ fún ẹni tó nílò. Ṣùgbọ́n ṣe ni ó ní kí aláìsàn kọ́kọ́ bọ́ aṣọ láàárín ọjà kí wọ́n tó fún un lóògùn, èmi katikíìsì kò sì ronú dé ibẹ̀ rí, torí ọ̀rọ̀ náà kò tíì kàn mí.

Mo délé, mo sunkún. Màmá mi ní bí a bá ń sunkún, à á máa ríran, kí n nu ojú kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Mo sọ ọ́. Ó fọwọ́ lẹ́rán.

"Ẹnikẹ́ni nínú ẹgbẹ́ tó bá ti ní òun nílò ẹ̀?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá."

"Ta ló rán àpò fún wọn?"

Ìbéèrè náà kò yé mi. Ká ní ó yé mi ni, ǹ bá ti dì í lẹ́sẹ̀ mú.

Ní Sátidé tó tẹ̀lé e, a ń ṣèpàdé lọ́wọ́ nígbà tí mo gbọ́ ohùn màmá mi lẹ́nu ọ̀nà. "Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin ọmọ mi." Aṣọ tó máa ń wọ̀ lọ ṣọ́ọ̀ṣì ló wọ̀. Aró ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀ títí dé ìgúnpá, èyí tí ọṣẹ kankan kò lè bọ́. Àwọn ọkùnrin dọ̀bálẹ̀, àwa obìnrin kúnlẹ̀. Wọ́n sáré gbé àga fún un, ó ní òun ò ní pẹ́.

"Wọ́n ní ẹ ní nǹkan kan tó ń sọ lẹ́tà di ńlá," ni ó sọ fún Ọ̀gá. "Èmi ni mo nílò ẹ̀. Èmi náà ọmọ ẹgbẹ́ ni, èmi ni mo ránṣọ àpò yín. Ojú mi ò ríran mọ́."

Màmá mi kò lọ ilé ẹ̀kọ́ rí. Àwọn àbúrò rẹ̀ ọkùnrin ni wọ́n rán lọ. Ó há ẹsẹ Bíbélì tó pọ̀ sórí, ó sì máa ń ṣí Bíbélì ní ṣọ́ọ̀ṣì kí ó lè jọ àwọn yòókù. Kò sí ẹni tó mọ̀ nínú yàrá yẹn àfi èmi. Àṣírí tirẹ̀ nìyẹn, ó sì ti pa á mọ́ pẹ́ ju bí mo ti ń pa tèmi mọ́ lọ.

Ọ̀gá ní kí Màmá jókòó, kí wọ́n wò ó bóyá yóò bá ojú wọn mu. Ó gba dísíkì lọ́wọ́ ará Wásinmi, ó tì í bọ ẹ̀rọ. Ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Ọ̀gá ń na ọwọ́ lọ láti tan ojú kọ̀ǹpútà, tó ṣì ṣú dùdù, kò sí nǹkan kan lórí rẹ̀ rárá. Màmá mi ti tẹ̀ síwájú, ó ti fojú sí i.

"Háà," ó ní. "Ó hàn gbangba. Lẹ́tà yìí mà tóbi o. Ẹ ṣé, ọmọ mi, Ọlọ́run á dá yín lọ́lá."

Ọwọ́ Ọ̀gá dúró lójú òfuurufú. Ẹnì kan lẹ́yìn mi fi imú rẹ́rìn-ín, ó sì yára sọ ọ́ di ikọ́. Mo fẹ́ kí ilẹ̀ lanu. Ikú yá ju ẹ̀sín, mo ti ń gbọ́ ọ láti kékeré. Ọjọ́ yẹn ni mo mọ̀ pé ẹni tó kọ́kọ́ sọ ọ́ kò bù mọ́ ọn. Gbólóhùn méjì péré ni ì bá parí rẹ̀: Màmá, ẹ dìde. Ojú tèmi ni. Wọ́n wà lẹ́nu mi. Mo ro ti Owódé, mo ro ti àbúrò mi tó ti ń dárúkọ ọmọ tí kò tíì bí, mo sì gbé wọn mì.

Ta ni yóò wí fún àgbà pé ó purọ́? Ẹgbẹ́ wa lè bá ẹnikẹ́ni jiyàn láti àárọ̀ dalẹ́ lórí ètò títì, ṣùgbọ́n kò sí ẹnì kan nínú wa tó lè wo ìyá olómọ lójú kí ó ní, "Màmá, kò sí nǹkan kan níbẹ̀." Ọ̀gá fa ọwọ́ rẹ̀ padà. Kò tan ojú kọ̀ǹpútà náà mọ́. "Ó dáa, Màmá," ó rọra ní. "Bó bá ti hàn sí yín, ó parí." Orí kọ̀ǹpútà kejì ló ti da ètò náà kọ. Ó fi dísíkì sínú àpòòwé, ó kọ ọ́ sí i lára pé kò ṣeé tú, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì gbé e lé màmá mi lọ́wọ́. Ó wá sọ fún mi pé, "Jọ̀ọ́, máa bá Màmá tì í bọ ẹ̀rọ." Kò wò mí lójú. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ, ọkùnrin yẹn sì ti mọ̀.

Bí ètò títì ṣe wọ ẹgbẹ́ wa nìyẹn. Àríyànjiyàn kọ́ ló mú un wọlé.

Lójú ọ̀nà, màmá mi ń rìn ṣáṣá níwájú mi. Nígbà tí a jìnnà díẹ̀, ó dúró dè mí. "Kí ni wọ́n kọ síbẹ̀ gan-an?"

"Orúkọ yín ni, Màmá," mo ní.

Ó mi orí, ó tún gèlè rẹ̀ ṣe. Mi ò tíì lè sọ fún ara mi bóyá oore ni mo ṣe tàbí ìkà.

Ètò náà ṣiṣẹ́. Mo padà sídìí kọ̀ǹpútà, mo ń kọ ìbéèrè ìdánwò, mo ń da dísíkì kọ, mo tún padà di ẹni tó wúlò. Bí mo bá gbọ́ ìró ẹsẹ̀, n ó tẹ bọ́tìnnì, lẹ́tà á sì súnkì padà, n ó wá tẹjú mọ́ ohun tí mi ò rí. Láìpẹ́ mo ṣàkíyèsí pé àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ti bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́ kí wọ́n tó wọlé. Gbogbo wọn. Kò sí ẹni tó bi mí ní nǹkan kan. "Màmá ńkọ́?" ni wọn yóò máa wí. "Ṣé ètò yẹn ń bá wọn lára mu?" Mo máa ń ní ó ń bá wọn lára mu, wọ́n ń kí yín. Ì bá sàn fún mi kí wọ́n bú mi. Àánú wọn gbóná lára mi ju ìbúni lọ. Nígbà tó yá, àlùfáà kan tó ti fẹ̀yìn tì wá bèèrè ètò náà ní gbangba, ó ń fi ojú ara rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́, Ọ̀gá sì gbà pé kí a ní àpò kejì, ti àwọn ètò títì, kí ẹnikẹ́ni yan èyí tó wù ú láìjẹ́ pé a bi í ní ìdí. Mo ti bọ́ ẹ̀wù katikíìsì sílẹ̀ nígbà yẹn, mi ò dá sí i.

Ní ti Owódé, ìṣirò màmá mi pé. Ẹnu ará Wásinmi ṣe iṣẹ́ rẹ̀, wọ́n gbọ́ pé ojú ìyá ìyàwó kò dá ṣáṣá, wọ́n ní ṣebí àgbà ti dé. A ṣe ìdána, àbúrò mi lọ sílé ọkọ.

Ohun tí màmá mi kò ṣírò mọ́ ọn ni ọjà Ìtòkú. Aláró ni, àdìrẹ ló ń tà, ojú rẹ̀ sì ni ọjà rẹ̀. Àwọn aláró mìíràn máa ń gbé aṣọ wọn wá kí ó wò ó bóyá ó ti mu aró tó tàbí kí wọ́n tún un rẹ, ohun tó bá sọ ni abẹ gé. Ìròyìn náà dé ọjà: ìyá ò ríran mọ́, kọ̀ǹpútà ló fi ń ríran. Wọ́n fi ṣàwàdà, wọ́n fi ṣàánú. Kò sí ẹni tó tún gbé aṣọ wá mọ́. Kò sọ ọ́ fún mi. Mo rí i fúnra mi nígbà tí ilé ẹ̀kọ́ gba ìsinmi, tí mo bá a jókòó lọ́jà.

Oníbàárà rẹ̀ kan dé, obìnrin kan tó ti ń rajà lọ́wọ́ rẹ̀ kí wọ́n tó bí mi. "Ẹ kú ọjà o, Ìyá. Ojú ńkọ́?"

"A dúpẹ́," ni màmá mi wí.

Obìnrin náà mú aṣọ kan. Màmá mi nawọ́ kí ó lè tẹ́ ẹ fún un bó ṣe máa ń ṣe. Obìnrin náà gbé e kọjá lórí ọwọ́ rẹ̀, ó nà án sí mi. "Ìwọ tójú ẹ ríran, bá mi wò ó. Ṣé aró ẹ̀ dọ́gba?"

Mo tú aṣọ náà, mo nà án sókè síbi tí oòrùn ti ń wọlé. Dúdú ni mo rí láti etí kan dé èkejì. Ì báà jẹ́ pé ó dọ́gba, ì báà jẹ́ pé ó ní àpá níbi gbogbo, mi ò lè mọ̀. Màmá mi ń wo aṣọ náà láti orí àpótí tó jókòó sí, ó sì rí gbogbo rẹ̀. Ó fi ìka ẹsẹ̀ tẹ ẹsẹ̀ mi lábẹ́ tábìlì.

"Ó dọ́gba, mà," mo ní. "Ó mu aró dáadáa."

Obìnrin náà dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fọwọ́ kan màmá mi ní èjìká. "Ọlọ́run ló ṣe é, Ìyá," ó ní, "tó fún yín lọ́mọ tí á máa ríran fún yín."

"Àmín o," ni màmá mi wí, ó sì gba aṣọ náà lọ́wọ́ mi, ó ń ká a.